Odò tí Kò Dúró De Òjò

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọbìnrin wa lọ́dún tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kó wọn lọ sí àwọn òkè Alps láti lọ wo odò kékeré kan. Jọ́gíráfì ló ń ṣe. Lọ́jọ́ kẹta, ó pè wá láàárọ̀ nílé wa ní Thamesmead nílùú òyìnbó.

"Mummy, òní la máa kọjá odò yẹn lọ wọn omi lódìkejì. Ọ̀sán la máa padà."

Etí odò ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí ìyàwó mi sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: "Ṣé òjò rọ̀ níbẹ̀?"

"Rárá o. Oòrùn ń ràn gan-an."

"Ó dáa. Odò kì í kún láìsí òjò. Kọjá, má fòyà."

Akọ̀ròyìn ni mí, ìbéèrè ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ n kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo ní: "Ìyá rẹ mọ odò."

Ìyàwó mi jáde lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti ilé dé ilé lọ tọ́jú àwọn arúgbó. Lọ́sàn-án, mo fẹ́ mú mílíìkì nínú fíríìjì, ojú mi wá bọ́ sára ìwé tí ọmọ náà lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ti ya odò náà kó tó lọ: ó yọ lábẹ́ yìnyín lórí òkè, ó já wálẹ̀ láàárín àpáta méjì, ó tẹ́ sórí òkúta funfun nísàlẹ̀ abúlé kan, ó sì wọ inú odò tó tóbi jù ú lọ. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé láàárọ̀, omi kéré. Tí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, yìnyín á yọ́, omi á kún.

Ọ̀sán yìí gan-an ló ní àwọn máa kọjá padà. Mo pe fóònù rẹ̀, kò gbé e. Mo pe ìyá rẹ̀, ó wà nínú bọ́ọ̀sì ní Plumstead High Street.

"Yéè! Àwa la ní kó kọjá!" Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá ọkọ̀ padà sílé. Àwa méjèèjì dúró ní kíṣìnnì, à ń pe fóònù tí ẹnikẹ́ni kò gbé.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni fóònù mi dún.

"Daddy, kí ni gbogbo missed calls yìí?"

"Níbo lo wà?"

"Hostel, ibí ni mo gbàgbé fóònù sí láàárọ̀. Tíṣà ti kó wa sọdá padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo tiẹ̀ ń bá a jiyàn pé Mummy mi ní kò séwu, gbogbo class ń fi mí rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tó di aago méjì, tí a ṣì wà létí odò! Òkúta tí a jókòó lé láàárọ̀, omi ti bò ó, a ò rí i mọ́."

"Ṣebí ìwọ fúnra ẹ lo kọ ọ́ sínú ìwé!"

"Mo kọ ọ́ now. Àmọ́ Mummy ti sọ̀rọ̀."

Ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Mo rò pé yóò bú u ni.

"Tíṣà yẹn dà? Gbé e fún un kí n dúpẹ́."

Ó dúpẹ́ títí ẹni náà fi bẹ̀ ẹ́ pé ó ti tó. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó, ó ní ṣé ìrẹsì ṣì kù.