AS Tí A Tọ́jú De Ọjọ́ Ìgbéyàwó

Ìtọ̀ tí àbúrò mi tọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn dúdú bíi tíì tí ẹnikẹ́ni ò bu mílíìkì sí. Nọ́ọ̀sì gbé ike ìtọ̀ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó yára jáde. Iṣẹ́ oníròyìn ti kọ́ mi pé bí ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ bá panu mọ́ tó sì ń sáré, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Jámíù lorúkọ àbúrò mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ara rẹ̀ le koko, kò sì sẹ́ni tó rántí ìgbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ kẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé, ló ń gbá jẹun. Running back ni: òun ni wọ́n máa ń ki bọ́ọ̀lù bọ̀ lábíyá, pé kó gba àárín àwọn géńdé tó fẹ́ gbé e ṣánlẹ̀ kọjá. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í pẹ́ nídìí rẹ̀. Orúnkún ló sábà máa ń lé wọn kúrò. Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ọmọ tuntun kan sí ipò kan náà, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n dáadáa. Jámíù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá dé ibùdó ìgbáradì tí ọmọ náà sáré jù ú lọ, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi lo ìsinmi rẹ̀ nílé màmá wa ní Rosenberg, nítòsí Houston, tó ń wakọ̀ lọ sí Katy láràárọ̀ lọ bá kóòṣì aládàáni kan tó ń jẹ́ Derrick. Ìgbà ooru ni, ìgbà tí afẹ́fẹ́ Houston máa ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára bí aṣọ tútù. Eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá, àsátúnsá, láìfi bẹ́ẹ̀ sinmi.

Derrick ni mo kọ́kọ́ bi léèrè. Mo bá a ní yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, ó ń fún fìlà rẹ̀ bí ẹni tó ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ó ní ẹsẹ̀ òun ti kú," ló wí. "Mo ní kó parí èyí tó kù. Ó sì parí ẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá jókòó. Kò pariwo, kò ṣubú gbì. Ó kàn rọra jókòó."

"Kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

"Pajápajá ni mo pè é. Mo fún un ní omi kùkúńbà oníyọ̀ mu, èyí tí àwa eléré ìdárayá fi ń wo pajápajá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ṣé iṣan rẹ̀ le nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Rárá. Ó rọ̀. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu."

Kí ẹni tó bá ń ka èyí, tó ní ọmọ tó ń sáré, má gbàgbé ìdáhùn yẹn. Pajápajá tí ooru bá fà máa ń mú kí iṣan le bí òkúta, ẹni tó mú á sì pariwo. Ti Jámíù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ketekete, síbẹ̀ kò lè dìde. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Sister Kúdí, kì í ṣe pain bẹ́ẹ̀ o. Ẹsẹ̀ mi kàn dà bíi ti ẹlòmíì."

Àkókò tí wọ́n fi ń ra ẹsẹ̀ tí kò nílò kí wọ́n ra á ṣì ń bí mi nínú títí di òní. Ìgbà tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára ni Derrick tó pe ọkọ̀ aláìsàn.

Èmi ni mo lọ gbé màmá wa ní Rosenberg. Freeway dí. Màmá wa ń fi ọwọ́ kan ka tẹ̀sùbáà, wọ́n ń fi ìkejì gbé fóònù, nítorí àwọn ìyá ẹgbẹ́ àṣàlátù ti gbọ́. Ẹnì kan ní ooru ni. Ẹnì kan ní ayé ni. Ẹnì kẹta ní ká ra omi àgbọn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ ká débẹ̀ ná."

"Kúdí, má kanra mọ́ àwọn tó ń ṣàdúà fún wa."

"Wọn ò ṣàdúà, Màmá. Oògùn ni wọ́n ń kọ."

Dókítà kíndìnrín, obìnrin tín-ínrín kan tó wọ bàtà eré ìje, wá jókòó tì wá. Ó béèrè bóyá àìsàn ẹ̀jẹ̀ kankan wà nínú ẹbí wa. Màmá wa jókòó nàró bí ẹni tí wọ́n bú.

"Rárá o, dókítà. Ẹ̀jẹ̀ wa mọ́. Kò sí fòníkú-fọ̀ladìde nílé wa. AS lásán ló wà níbẹ̀."

Dókítà dẹ́kun ìkọ̀wé. "Ta ló jẹ́ AS?"

"Èmi. Bàbá wọn tó ti ṣaláìsí, AA ni wọ́n. Kúdí yìí náà, AA. Jámíù ló mú tèmi. Ṣùgbọ́n AS kì í ṣe àìsàn, dókítà. Ìgbà tó bá fẹ́ gbéyàwó ló máa tó di ọ̀rọ̀."

Dókítà ti dìde kí Màmá wa tó parí gbólóhùn yẹn.

Ohun tí màmá wa sọ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan. Nílé wa, genotype jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtọrọ ọmọ. Ìmáàmù máa ń béèrè rẹ̀ kó tó so yìgì, pásítọ̀ náà máa ń béèrè. Wọn ò jẹ̀bi. Bí AS bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí ọmọ SS, a sì ti rí ojú àwọn ìyá tó ń sáré kiri pẹ̀lú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Màmá wa wá mú un le débi pé kò sí ọmọbìnrin tí Jámíù mú wálé tí wọn ò ní bi léèrè lẹ́nu ọ̀nà, kó tó bọ́ bàtà. Ọmọ Amẹ́ríkà kan fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn pé O positive lòun. Wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n sì tẹ̀lé mi wọ kíṣìnì. "Ọmọ dáadáa ni o," ni wọ́n wí, "àmọ́ kò mọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀."

Ọmọ tiwa ńkọ́? Yunifásítì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Jámíù wò nígbà tó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn. Wọ́n pè é jókòó, wọ́n sọ fún un pé kó máa sinmi, kó máa mumi, kó sì máa sọ̀rọ̀ bí ara rẹ̀ bá yí padà. Ó pe ilé kó lè béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ̀rù ba òun.

"Mo ní, Mummy, wọ́n ní mo jẹ́ AS. Mummy ní, 'A mọ̀. Ta lọmọ náà? Kí ni tiẹ̀?'"

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi lórí ibùsùn ọsibítù, pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́rùn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún báyìí náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dá a dúró mumi nígbà tí àwọn tó kù ṣì ń sáré. Ó rò pé wọ́n ń kẹ́ òun ni. Nígbà tí Derrick wá bi í bóyá ó ní àìsàn kankan, ó ní rárá.

"O parọ́ fún un," mo wí.

"Mi ò parọ́ o. AS no be sickness now. Ṣebí ohun tí gbogbo yín ń sọ nìyẹn."



Ohun tí dókítà ṣàlàyé rèé. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AS, àwọn èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara máa ń ṣiṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ AS ń dàgbà, wọ́n ń darúgbó, láìmọ nǹkan kan lára. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá lo ara rẹ̀ kọjá agbára nínú ooru, tí kò sinmi, tí omi kò tó o, àwọn èròjà náà lè tẹ̀ bí dòjé, kí wọ́n sì dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọnú iṣan. Iṣan tí kò rí ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Rhabdomyolysis ni àwọn dókítà ń pe fífọ́ yẹn. Ohun tó bá fọ́ á wọnú ẹ̀jẹ̀, á dé kíndìnrín, kíndìnrín á sì dí bí asẹ́ tí wọ́n da ẹrẹ̀ sí. Òun ló sọ ìtọ̀ di dúdú. Pọtásíọ̀mù tó wà nínú iṣan náà á tú jáde, ìyẹn sì lè dá ọkàn dúró lójijì.

Kíndìnrín Jámíù dákẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gba inú rọ́bà jáde, á yí ká nínú ẹ̀rọ náà, á padà sára. Òtútù máa ń mú un bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, eyín rẹ̀ á máa gbá ara wọn. Itan rẹ̀ méjèèjì wú títí awọ ara rẹ̀ fi ń dán. Ìgbà yẹn ni ìrora tó ní kò sí wá dé, ó sì dé pẹ̀lú èlé. Oníṣẹ́ abẹ wá ń wò ó láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá àwọn máa la itan náà kí wíwú yẹn lè ráyè jáde. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú.

"Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n la ẹsẹ̀ mi. Bí wọ́n bá là á, mo ti parí."

"Kíndìnrín ẹ ò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ lò ń sọ."

"Ẹsẹ̀ ni mo fi ń jẹun."

Wọn ò là á. Wíwú náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ nígbà tí oníṣẹ́ abẹ ti fẹ́ pinnu.

Àwa tó jókòó tì í ló wá dà bí aláìsàn. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló gbé omi àgbọn dání, gbogbo wọn ni nọ́ọ̀sì sì dá padà, nítorí pọtásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ kò sì lè lé e jáde. Màmá wa gbé dòdò àti ẹ̀wà wá. Nọ́ọ̀sì tún ní rárá.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fi tọ́ ọ?"

"Òun gan-an ni, Màmá," mo wí.

"Kúdí, bá mi bi í pé kí ni kí ọmọ mi wá jẹ."

Mo bi í. Ìrẹsì funfun díẹ̀ àti ẹyin, ó wí. Màmá wa wo ìrẹsì náà bí ẹni tó ń wo àbùkù.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ yẹn ti sú gbogbo wa, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Díẹ̀ ni lákọ̀ọ́kọ́, ó sì pọ́n. Lọ́jọ́ tó wá dà bí ìtọ̀ ènìyàn, màmá wa ṣí fóònù, wọ́n sì fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ àṣàlátù, oríkì Jámíù ni wọ́n fi pè é: "Alhamdulillah! Àkànbí ti tọ̀! Ó tọ̀ dáadáa!"

"Mummy, abeg! Everybody?"

"Gbogbo wọn ló ṣàdúà. Kí gbogbo wọn gbọ́."

Wọ́n yọ rọ́bà ọrùn rẹ̀, ó sì kọ́ láti rìn láti ibùsùn dé ilé ìtọ̀ pẹ̀lú irin tí aláìsàn fi ń rìn níwájú rẹ̀. Ènìyàn tó máa ń gba àárín àwọn géńdé kọjá, ó dúró lágbedeméjì yàrá, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Mo yíjú sí fèrèsé kó má bàa rí mi.

Nílé, ìjà ló bẹ̀rẹ̀. Màmá wa ní bọ́ọ̀lù ti parí. Jámíù ní òun ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Èmi ni àwọn méjèèjì ń fi ṣe adájọ́, bíi pé èmi ni mo kọ òfin ara. Ní mọ́ṣáláṣí, màmá wa tún ti rí iṣẹ́ tuntun: kò sí ọmọ tó wọ aṣọ eré ìdárayá tó lè kọjá mọ́ kí wọ́n má bi í bóyá ó ti sọ genotype rẹ̀ fún kóòṣì. Ó ti sú àwọn ọmọ náà. Wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Mo fẹ́ kí wọ́n dúró gbọ́ ọ.

Mi ò fẹ́ràn kí àwọn ènìyàn máa sọ pé àìsàn kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Mo kàn mọ̀ pé ó rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo ti rí kíndìnrín tó dákẹ́ tó tún jí, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbé ike ìtọ̀ wò láìfajúro. Ara Jámíù ti sọ̀rọ̀ lórí pápá ní Katy. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́, ó sì tún un sọ fún kóòṣì. Ohun tó tẹ̀lé e, pé wọ́n ní kó parí, tó sì parí, ló fẹ́ pa á.

Lọ́sẹ̀ yìí, dókítà kíndìnrín ní ó lè máa rìn, ó lè lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sáré títí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ á fi fi hàn pé iṣan kò fọ́ mọ́. Bí ìtọ̀ bá tún dúdú, kó padà wá lójú ẹsẹ̀. Dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, màmá wa náà ń gbọ́. Kò ṣèlérí ipò kankan. Ó ní ibùdó ìgbáradì máa ṣí láìsí Jámíù, àti pé ẹgbẹ́ kò ní pinnu nǹkan kan kí dókítà kíndìnrín tó fọwọ́ sí i.

Jámíù béèrè bóyá wọ́n máa fi aago ka bí òun ṣe yára tó bí òun bá padà dé.

"Kì í ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ni dókítà náà wí. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a máa ní kó o sáré, a ò sì ní sọ ìgbà tó o máa dúró. Ìwọ lo máa dá ara rẹ dúró lójú àwọn kóòṣì, kó o ní ó ti tó. Bí o ò bá lè ṣe é, a máa dá ẹ padà sílé."