A Kì í Fi Igbó Sí Fírísà

Bí ẹ bá ń wá obìnrin tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú nǹkan kó má bàjẹ́, ẹ lọ sí Castle Hill, ní New York níbí, kí ẹ béèrè Sàúdátù. Àjà kẹta ló ń gbé, èmi wà ní àjà kejì, lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Ìyá rẹ̀ ta obì ní Abẹ́òkúta títí ó fi kú, obì kì í sì í ṣe ọjà ọ̀lẹ. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ jù fún un, á gbẹ. Bí omi bá pọ̀ jù, á bu, á hu irun funfun. Láti kékeré ni Sàúdátù ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ náà, tó ń tú ewé, tó ń fi ìka tẹ obì wò.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe níbí. Ọjọ́ kan ló ń gbé bàbá òyìnbó kan tó sanra dìde nínú balùwẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yẹ̀. Láti ìgbà náà, oorun di ọ̀tá rẹ̀. Oògùn tí dókítà fún un ń da inú rẹ̀ rú, gbogbo ohun tó bá jẹ ló ń bì. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan níbi iṣẹ́ ní kó gbìyànjú igbó wò. Ẹ má yanu o. Òfin ìpínlẹ̀ New York ti gba àgbàlagbà láyè láti rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ. Wọ́n á wo ọjọ́ orí rẹ, wọ́n á dì í fún ọ bí ẹni di ṣúgà. Sàúdátù kì í fà á bí sìgá. Ó máa ń yan díẹ̀ nínú bọ́tà lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á pò ó mọ́ tíì tó ní mílíìkì, á mu ún, á sì sùn. Muhideen ọkọ rẹ̀, tó ń wa takisí, mọ̀ sí i. "Ọlọ́run ló mọ ìrora ẹ," ló sọ, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni ẹ bá wò, ẹ ó mọ̀ pé ọmọ olóbì ni. Kì í fi í sínú ọ̀rá, nítorí ọ̀rá máa ń gba ìyẹ̀fun tó lágbára lára rẹ̀. Inú ìgò ló ń kó o sí, ìgò tí ìdérí rẹ̀ ní rọ́bà, tí atẹ́gùn ò lè gbà wọlé. Páálí pélébé kan wà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù náà, tí kì í jẹ́ kí inú ìgò gbẹ jù tàbí kó rin jù. Á ju ọ̀kan sí i. Ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù ló ń gbé e sí, lẹ́yìn àwọn ìró, níbi tí oòrùn ò dé, tó sì jìnnà sí hítà, nítorí hítà ilé wa yìí lè yan ẹ̀pà. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, á máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ fún atẹ́gùn, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá rọ̀ bí ẹ̀fọ́, omi ti pọ̀. Bó bá ń rún, ó ti gbẹ jù nìyẹn. Èyí tó bá tọ́jú báyìí á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ ò sì ní yí padà.

Ṣùgbọ́n Muhideen ní ẹ̀gbọ́n obìnrin, Àlàájà Hassanat, ní Cambria Heights, apá kejì ìlú yìí. Obìnrin yìí! Mi ò fẹ́ bú àgbà, ẹ jẹ́ kí n kàn sọ pé bó bá wọ ilé ènìyàn, ojú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ọkọ ló sì jẹ́ fún Sàúdátù lójú àṣà, ìyàwó wo ló máa bi ọkọ pé kí ló ń wá nínú wọ́dúróòbù? Ó wá kí wọn ní Sátidé kan, ó ní òun fẹ́ yá ìborùn, ó wọ yàrá lọ, ìgò ló gbé jáde.

"Kí lèyí, Sàúdátù? Igbó? Nínú ilé àbúrò mi?"

"Àlàájà, oògùn ẹ̀yìn mi ni. Legal ni, ẹ jẹ́ kí n—"

"Legal kọ́, legal ni! Mi ò mọ̀ pé junkie ni àbúrò mi fẹ́!"

Ó gbé ìgò náà lọ. Ó ní òun máa dà á sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, òun á sì fi omi ṣàn án.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù wa ti gbọ́. Ilé-délé la máa ń ṣe àdúrà yìí lóṣooṣù, kálukú á gbé oúnjẹ dání, a ó jọ jẹ ẹ́. Tẹ́lẹ̀, kúlà ìrẹsì Sàúdátù ló máa ń kọ́kọ́ tán, àwọn kan á tún máa há ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù yẹn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìyá Àbdùl fa àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn kúrò nídìí ẹ̀, ó ní ènìyàn ò mọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀. Èmi nìkan ni mo jẹ nínú rẹ̀, mo jẹ ẹ́ títí ikùn fi fẹ́ bẹ́ mi. Sàúdátù gbé kúlà tó kún náà wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, tòun ti ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

Ìdáná mi ló ti sunkún. "Ẹ̀yìn yìí kọ́ ló ń dùn mí mọ́," ló wí. "Wọ́n ń wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ ẹni tó ń po májèlé. Mo fẹ́ kí ojú ti obìnrin yẹn bó ṣe tì mí, níwájú àwọn kan náà. Mi ò fẹ́ nǹkan míì."

Inú ń bí èmi náà. Mo ní kó bu igbó díẹ̀ sínú ọbẹ̀ Àlàájà, kí orí rẹ̀ yí.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí n wá di ohun tó ní mo jẹ́? Lá-í-lá!"

Ó ra òmíràn, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti wọ́dúróòbù. Lóṣooṣù ló ń se ìrẹsì, lóṣooṣù ló ń gbé e padà. Bó bá rí Àlàájà, á kúnlẹ̀, á kí i, á bi í léèrè àlàáfíà. Ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tutọ́ funfun jáde. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ti gbàgbé.

Ìgbà tó wá kan ilé Àlàájà, a lọ sí Cambria Heights. A ò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán Sàúdátù níṣẹ́, bó ti máa ń ṣe. Igbó ló fi ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, síbẹ̀ ìyàwó ilé ṣì ni, ó gbọ́dọ̀ sáré.

"Ìyàwó, lọ bá mi mú ata lílọ̀ nínú freezer ní basement. Abọ́ ice cream ni."

Ẹ̀yin náà mọ fírísà àwa ará ilé. Gbogbo abọ́ ibẹ̀ pátá, abọ́ áísìkiriìmù ni. Mo tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀ kó má baà tẹ ẹ̀yìn náà jù. Ó ṣí ọ̀kan, ẹ̀gúsí. Ó ṣí ìkejì, ṣàkì. Ó ṣí ìkẹta, ó rí ọ̀rá dúdú, ó tú u, òórùn kan sì jáde. Igbó rẹ̀ ni, páálí pélébé tó jù sí i ṣì wà láàárín rẹ̀. Yìnyín ti bò ó, ó ti rún wẹ́wẹ́.

"Ó ti bà á jẹ́," ni ohun tó kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bà mí lẹ́rù díẹ̀.

Mo ní, "Jẹ́ ká pe Muhideen."

"Muhideen wo? Ṣé Muhideen ló kọ oúnjẹ mi?"

Ó gbé abọ́ náà gòkè. Àwọn obìnrin jókòó yí pálọ̀ ká, Àlàájà wà láàárín, tẹ̀súbáà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Sàúdátù fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì gbé abọ́ náà kalẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Àlàájà, ẹ má bínú, mi ò rí ata. Èyí ni mo rí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ mà, a kì í fi igbó sí freezer. Yìnyín ń rún un ni, gbogbo agbára rẹ̀ á gbọ̀n dànù. Inú ìgò ni kí ẹ kó o sí, irú èyí tí ẹ gbé nílé mi. Ẹ dé e pa dáadáa, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Ẹ má gbé e sítòsí heater o."

Ìyá Àbdùl na ọrùn wo inú abọ́. "Igbó? Nínú ilé yìí?"

"Orúnkún mi ni!" Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu Àlàájà. "Ẹ ò mọ bí orúnkún yìí ṣe ń dùn mí! Mo kàn ń sè é bí àgbo ni!"

"Nínú omi lásán?" Sàúdátù ò tíì dìde, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Háà. Ìyẹn ni kò fi jẹ́ yín. Bọ́tà la fi ń yan án, Àlàájà. Ẹ̀ bá ti bi mí."

Díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Oúnjẹ dé. Àlàájà gbé ìrẹsì àti ẹran díndín sílẹ̀ níwájú wọn, kò sẹ́ni tó na ọwọ́. Ìyá Àbdùl ní òun ń gba ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ mọ́ọ̀tì tó ń mu kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní dókítà ti ní kóun má jẹ ìrẹsì mọ́. Ẹnì kan wá rọra lọ ṣí kúlà Sàúdátù ní kọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń wá ṣíbí, tó fi mọ́ aláàwẹ̀.

Àlàájà bu ìrẹsì tirẹ̀ sínú àwo kan, ó kó ẹran lé e. Ó tiro wá sọ́dọ̀ wa, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó mi," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, "jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá rí i pé o jẹ ẹ́, àwọn náà á jẹ ẹ́. Jọ̀ọ́."

Sàúdátù wo àwo náà, ó wo ojú Àlàájà. Kò tíì jẹun láti àárọ̀, mo mọ̀.

"Mo ti yó, Àlàájà," ló wí. "Ẹ ṣeun."