Dókítà Mọ́mì

Bí mo bá ti gbóòórùn ìpara tó ń ta imú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo máa ń rántí. Mọ́mì la ń pè é ní fúláàtì wa ní Joubert Park. Á fi ìpara yẹn pa áńkáṣíìfù lára, á so ó mọ́ ọwọ́, á máa fà á símú. Á ní, "Ọ̀fìnkìn lásán ni."

Dókítà ló ń pè mí látìgbà tí mo ti wọ yunifásítì ní Braamfontein. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ láì parí, kò yí orúkọ náà padà. Dókítà tó ń ta ṣájà fóònù nítòsí Park Station nìyẹn o.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Mọ́mì ga, abẹ́ ojú rẹ̀ wá wú. Ní ọsibítù, wọ́n ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ imú rẹ̀, wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí dókítà gidi fẹ́ ṣàlàyé, Mọ́mì nawọ́ sí mi, ó ní, "Dókítà mi ni kẹ́ ẹ sọ fún."

Dókítà obìnrin náà wo sílípáásì ẹsẹ̀ mi. Ó ní irú nǹkan tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu ló hù sínú imú Mọ́mì, ó sì ti ń sún mọ́ ojú, àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ lónìí. Ohun tí mo mọ̀ nípa búrẹ́dì tó bu ò ju kí n ha á, kí n jẹ ẹ́.

Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ, Mọ́mì dì mí lọ́wọ́ mú. "Dókítà, ṣé ojú mi ò ní fọ́?"

"Kò ní fọ́, Mọ́mì."

Ó tú áńkáṣíìfù, ó fi lé mi lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nínú gbogbo dókítà tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni Mọ́mì gbà gbọ́.