Àgbàlá Tí Jùbrílù Gbà Kọjá l'Ékòó

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí, ẹ̀yin tí ẹ ti ń di ẹrù, tí ọkàn yín ti ṣáájú yín dé Èkó. Ẹ jókòó ná! Ọ̀rọ̀ Jùbrílù, fọkanáísà wa ní Ìgbẹ̀ìn, ni mo fẹ́ sọ, ó sì le.

Táyà tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Ewékorò ló fi kọ́ṣẹ́. Èyí tí ọkùnrin méjì ń làágùn lé lórí, òun nìkan á fi òòlù lù ú kúrò lára irin rẹ̀, gbì! gbì! Tó bá ṣíwọ́, kì í gba títì lọ sílé. Ta ló ń gba títì ní Ìgbẹ̀ìn? Àárín ilé onílé ni, ẹ̀gbẹ́ àpáta, abẹ́ aṣọ tí wọ́n sá, ẹ̀yìn ààrò. "Ẹ kú ilé o!" ni yóò wí. Wọ́n á dáhùn láti inú yàrá, "Jùbrí, ṣé dáadáa ni?" Ó ti kọjá.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Abdulbaqi, tó ti ń gbé apá Agége, ló pè é lórí fóònù.

"Máa bọ̀ jàre! Mọ́tò àdúgbò wa yìí ju irun orí ẹ lọ."

"Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kí tí mo bá dé?"

Abdulbaqi bú sẹ́rìn-ín. "Ará oko! L'Ékòó? Iṣẹ́ ẹ ni kó o gbájú mọ́. Tó o bá ń kí wọn kiri, wọ́n á mọ̀ pé JJC ni ẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú."

Jùbrílù kó lọ, ó ṣí ìsọ̀ sí àdúgbò Abdulbaqi, ó sì gbájú mọ́ iṣẹ́ lóòótọ́. Kò kí onílé, kò kí alága àdúgbò, kò mọ orúkọ ẹni tí ògiri rẹ̀ kan tirẹ̀. Abdulbaqi fúnra rẹ̀, ìdájí ló ń jáde, òru ló ń wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, táyà bẹ́ mọ́ Mobọ́lájí, obìnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì, ní títì kejì. Ó ránṣẹ́ pe Jùbrílù. Jùbrílù yọ táyà náà, ó ní, "Àǹtí, ẹ dúró, mò ń bọ̀," ó gbé e lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́. Bó ṣe gbé e lé èjìká padà, oòrùn ń pa á. Ó rí géètì kan tó ṣí sílẹ̀, ó sì ń rí títì kejì lódìkejì àgbàlá náà. Ẹsẹ̀ Ìgbẹ̀ìn bá gbé e wọlé.

"Ẹ kú ilé o!"

Obìnrin kan tó ń fọṣọ nínú àgbàlá náà gbójú sókè: ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, táyà léjìká, ẹ̀gbẹ́ ibi tí mọ́tò ọkọ òun wà. Ó figbe ta. "Olè! Olè o! Ó ti tú táyà wa o!"

Kí Jùbrílù tó la ẹnu, èrò ti ya dé, pákó ti bà á létí òsì. Etí hó goooo. Wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, bàtà kó eyín méjì sí i lọ́fun. Wọ́n wọ́ ọ jáde sí títì bí ẹran, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń bó lórí kọnkéré. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun gan-an ló ń lù ú jù.

"Fọkanáísà ni mí! Ìsọ̀ mi wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn!"

Ọkùnrin gìrìwò kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. "Ta ló mọ̀ ẹ́?"

Ó fi ojú kan tó ṣì ṣí wá ẹnikẹ́ni láàárín wọn. Ó rí ọkùnrin tí yàrá rẹ̀ kan tirẹ̀. Ẹni náà wò ó, ó mirí. "Èmi ò mọ̀ ọ́n o."

Ó parí! Wọ́n gbé táyà náà kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n da bẹntiróòlù lé e lórí. Ó wọ ojú, ó wọ ọgbẹ́, Jùbrílù ké títí ohùn fi pin.

"Ìṣáná dà?" Oníṣíńgílẹ́ẹ̀tì yẹn yọ ọ́ lápò.

Ibẹ̀ ni Mobọ́lájí dé, sípánà lọ́wọ́. Ó ti dúró títí, ó ń bọ̀ wá bú fọkanáísà rẹ̀ ni, ló bá gbọ́ tí ìyá tó ń fọṣọ ń pariwo pé wọ́n tú táyà mọ́tò ọkọ òun.

"Háà! Táyà mi nìyẹn!"

Èrò hó yèè. "Ẹ ẹ̀ rí i? Olówó ẹ̀ ti dé! Ẹ ṣáná sí i!"

Mobọ́lájí ya àárín wọn wọlé. Ó gbé sípánà, ó fi gbá oníṣíńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn ọwọ́, egungun dún, ìṣáná fò lọ. Ló bá da ara rẹ̀ bo Jùbrílù nínú bẹntiróòlù.

"Èmi ni mo gbé e fún un kó lẹ̀ ẹ́! Apààyàn! Ẹni tó bá máa sun ún, kó sun èmi náà! Ìwọ ìyá tó ń pariwo, lọ ka ẹsẹ̀ mọ́tò ọkọ ẹ!"

Ìyá náà yọjú wo inú géètì. Ẹsẹ̀ mọ́tò pé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ní pẹ̀lẹ́.

Jùbrílù ti padà sí Ìgbẹ̀ìn báyìí. Ṣé ẹ rò pé ó ń ní ká má lọ ni? Rárá o! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ameenah, ọmọ àdúgbò wa, wá dágbére fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ríṣẹ́, mo ti rí yàrá l'Ékòó."

"Ó dáa. Tí wọ́n bá dì ẹ́ mú ní títì, orúkọ ta ni wàá pè?"

Ameenah gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Jùbrílù wá sọ fún un pé:

"Kọ́kọ́ lọ wá ẹni tó máa mú ẹ kiri àdúgbò náà, kí wọ́n mojú ẹ. Kí onílé, kí alága, kí ìyá oníbúrẹ́dì. Bi wọ́n léèrè ibi tí ẹsẹ̀ kì í gbà. Ìgbà yẹn ni kó o tó gbé àpò."

Tẹ́ ẹ bá rò pé mo bu iyọ̀ sí i, ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ wá sí Ìgbẹ̀ìn fúnra yín, ẹ béèrè Jùbrílù fọkanáísà. Apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ ti bá a sọ̀rọ̀, òsì ò gbọ́ mọ́. Ẹ ní kó bọ́ ẹ̀wù, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí ẹ̀yìn rẹ̀.