Èébu Inú Àpótí Mẹ́rìnlá

Ọdún kejìdínlógún rèé tí Màmá Dúró-ná ti ń ṣa ọsàn nílé ìkẹ́rùsí, orúkọ yẹn kì í sì í ṣe àbísọ. Láràárọ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá òtútù ló máa ń dúró sí: "Dúró ná, gbé ọwọ́ ẹ wá." Èékánná ló ń wò. Ibi tí èékánná bá gún lára ọsàn, bó ti wù kó kéré tó, ibẹ̀ ni èébu ń gbà wọlé. Bí ọ̀kan bá sì ti bu, àwọn tó yí i ká ò ní í pẹ́ bá a lọ. Ìyàwó télọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sídìí iṣẹ́, ló máa ń bá jà jù. Nígbà tó dé, èékánná ọmọ náà gùn bíi ti ẹni tó fẹ́ fi gbẹ́ kànga.

Lọ́sẹ̀ kan, ọsàn bu, àpótí mẹ́rìnlá gbáko. Etí èébu náà funfun, àárín rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, òórùn rẹ̀ ò ṣeé gbà símú. Ọ̀gá béèrè ẹni tó ṣe é. Màmá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìyàwó télọ̀ ni."

"Màmá, mo ti gé èékánná mi láti oṣù tó kọjá! Ẹ̀yin náà lẹ yẹ̀ ẹ́ wò!" lọmọ náà ké.

Ọ̀gá ò gbọ́. Ó ní kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, kó máa lọ.

Màmá jókòó ti àpótí kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ń ṣa èyí tó ṣì dára. Ó rí ojú èékánná lára ọ̀kan: ó tẹ̀ bí oṣù tuntun, ó sì là láàárín. Ti èkejì náà là láàárín. Ló bá wo àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá òtútù ti há àtàǹpàkò náà mọ́ lóṣù tó kọjá. Lílà ni èékánná rẹ̀ hù padà, ó sì ń dùn ún láti gé. Ó gbé e lé ojú ọgbẹ́ ọsàn náà. Ó ṣe rẹ́gí. Ta ló ń yẹ ọwọ́ ẹni tó ń yẹ ọwọ́ wò?

Ó lè ju ọsàn náà nù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó sì mọ̀ pé ẹni ọgọ́ta ọdún ò ní í tètè ríṣẹ́ míì. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í kọjá kó jókòó. Ó gbé ọsàn náà sórí tábìlì ọ̀gá, ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí i.

"Èmi ni. Mo purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe ìyàwó télọ̀ padà. Ó ní kí Màmá lọ sílé fọ́sẹ̀ méjì, òun á rò ó bóyá ó máa padà.

Nígbà tí Màmá fi ń jáde, ìyàwó télọ̀ ti tún aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Màmá kọjá bí ẹni tí kò rí i, kò sì kí i. Màmá, tó ju ìyá ọmọ náà lọ lọ́jọ́ orí, ló kọ́kọ́ kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́."