Afẹ́fẹ́ Bọ́sẹ̀ Ni Màámi Ń Mí

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́kọ́ fura pé nǹkan kan ń ṣe ìyá mi. Ìsìn àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni, ní Ẹ̀rúnmu tí à ń gbé. Wòlíì ń wàásù, Màámi fẹ̀yìn ti bẹ́ǹṣì nínú sùtánà funfun wọn, wọ́n ń hanrun. Lójijì, ìhanrun náà dákẹ́. Ikùn wọn ń gbọ̀n sókè, ẹnu wọn là sílẹ̀, èémí kankan kò wọlé. Mo fẹ́ jí wọn, àmọ́ ìyá ìjọ kan di ọwọ́ mi mú. "Má fọwọ́ kàn wọ́n. Inú ẹ̀mí ni wọ́n wà."

Akọ̀wé tó máa ń kọ ìran sílẹ̀ ti sún mọ́ wa tòun ti bírò. Màámi ta jí, wọ́n mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú omi, wọ́n sì pè mí: "Àbẹ̀kẹ́!" Ni akọ̀wé bá kọ ọ́ pé wọ́n ríran sí mi, kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà á. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ mi pé èmi ni wọ́n rí.

Torí mo ní àbúrò kan, Bọ́sẹ̀, tó ń gbé ní Alákìá. Èmi ni mò ń gbé pẹ̀lú Màámi, lẹ́yìnkùlé wa ni mo ti ń yan gàrí. Èmi ni mò ń pọnmi, èmi ni mò ń fọṣọ. Ṣùgbọ́n bí Bọ́sẹ̀ bá yọjú lẹ́ẹ̀kan lóṣù, Màámi á máa yọ̀ bí ẹni rí owó he. Mò ń jowú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ àgbà, síbẹ̀ mò ń jowú rẹ̀.

Báyìí la ṣe ń pe àìsàn ní ìran fún oṣù mélòó kan. Nígbà gbogbo tí Màámi bá ta jí bẹ́ẹ̀, orúkọ mi ni wọ́n ń pè. Orí ń fọ́ Màámi láràárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò wálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò. Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, wọ́n sùn lọ níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ sì gé wọn lọ́wọ́. Mo ní èyí kì í ṣe ìran. Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Màámi sùn lé mi léjìká títí èjìká mi fi kú. Dókítà, obìnrin kan tí mo lè fi ṣe àbúrò, bi mí bí wọ́n ṣe ń sùn. Mo sín ìhanrun wọn jẹ fún un, mo sì dákẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń dákẹ́. Ó fún wa ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a so mọ́ àyà àti ìka wọn kí wọ́n fi sùn nílé, kó lè ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

Nígbà tí a padà lọ gba èsì, ó ní àìsàn tí èémí ti máa ń dá dúró lójú oorun ni, tiwọn sì ti le. Ẹran inú ọ̀fun ló ń dẹ̀ tí wọ́n bá ti sùn, á wá pa ojú ọ̀nà èémí dé. Ọpọlọ á ta wọ́n jí kí wọ́n lè mí, léraléra, wọn kò tilẹ̀ ní mọ̀. Ó lè ba ọkàn jẹ́, ó sì lè fa àrùn rọpárọsẹ̀.

Mo bi í pé kí la lè ṣe. Ó ní kí wọ́n máa fẹ̀gbẹ́ sùn, kí wọ́n sì dín ara kù, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò ní tó. Ohun kan wà tí wọ́n ń fi sẹ́nu láti fa àgbọ̀n síwájú, àmọ́ eyín Màámi kò kù púpọ̀. Iṣẹ́ abẹ, kò fẹ́ ẹ nítorí ọjọ́ orí wọn. Ó wá ku ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ìbòmú, kí ọ̀fun má baà pa dé.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí Bọ́sẹ̀ máa sọ," ni Màámi wí.

Èmi tí mo mú wọn wá náà ni mo fa fóònù yọ láti pe Bọ́sẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ra ẹ̀rọ náà tòun ti bátìrì àti sólà, torí iná wa kì í dúró. Ó ṣe é dáadáa, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bẹ Màámi kí wọ́n wọ ìbòmú. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ dí mi nímú ni?" Bọ́sẹ̀ pè wọ́n lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Màámi, ẹ wọ̀ ọ́ nítorí mi," wọ́n sì wọ̀ ọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí orí fífọ́ fi lọ, ojú wọn dá, wọn kò sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹni tó bá kí wọn, wọ́n á ní, "Afẹ́fẹ́ Bọ́sẹ̀ ni mò ń mí." Èmi tí mò ń fọ ìbòmú láràárọ̀ á wà níbẹ̀ tí mò ń gbọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn kò fi orúkọ mi jí mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń yan gàrí lọ́wọ́ nígbà tí mo rí Màámi gba ojú fèrèsé tí wọ́n dùbúlẹ̀ láìwọ ìbòmú. Ó yẹ kí n dìde. Mo ní kí n kó ti inú agbada yìí ná. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ṣe ni mò ń dúró. Ìhanrun dákẹ́. Ó pẹ́, ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: "Àbẹ̀kẹ́!"

Mo sáré wọlé tayọ̀tayọ̀, àfi ìgbà tí mo rí ètè wọn. Ó ti yí àwọ̀ padà. Mo fi ìbòmú wọ̀ wọ́n, mo tan ẹ̀rọ, mo sì jókòó tì wọ́n títí àwọ̀ ètè wọn fi padà sípò.

Ẹ̀yin tí òbí yín ń hanrun tí èémí wọn sì ń dá dúró, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ìran. Ẹ mú wọn lọ fún àyẹ̀wò. Ara Màámi kò ríran sí ẹnikẹ́ni. Èémí ló ń wá, èmi ló sì wà nítòsí.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti fẹ́ sùn lọ́sàn-án, màá fọwọ́ nù, màá fi ìbòmú wọ̀ wọ́n, màá tan ẹ̀rọ kí n tó padà sídìí agbada. Wọn kì í pè mí mọ́. Ó ṣì ń dùn mí. Síbẹ̀, mo dúpẹ́.