Èmi Ni Mo To Búrèkì Náà

Nígbà tí bàbá mi kú, ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi lé mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi du ú. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti wà lábẹ́ àtíbàbà nílé wa ní Iléṣà, táyà rẹ̀ ti jò, ewúrẹ́ sì ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ibùsùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi gbé mi lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun náà ni wọ́n sì fi gbé ìyàwó mi wá sílé. Mo ní kí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn fà á wá sí ilé mi ní Dàda Estate, ní Òṣogbo, mo sì lọ pe Bàbá Alájì.

Bàbá Alájì ni mẹkáníìkì bàbá mi láti ìgbà èwe àwọn méjèèjì. Ọmọ Òṣogbo gan-an ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, iṣẹ́ ló sì ń ṣe síbẹ̀. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá mi, Iléṣà ló ń gbé, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti dún bákan báyìí, ó di Òṣogbo. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé e, àwọn náà di oníbàárà Bàbá Alájì.

Láàárín oṣù méjì, ẹ́ńjìnnì ti dáhùn. Ó wá ku búrèkì ẹ̀yìn. Nígbà tó yọ dírọ́ọ̀mù, ìyẹn irin rìbìtì bí ìkòkò tó máa ń bo búrèkì mọ́lẹ̀, ìpẹtà ló dà sílẹ̀. Àwọn sìpíríǹgì tó ń fa ṣúù búrèkì, ìyẹn irin tó máa ń tẹ dírọ́ọ̀mù láti inú kí ọkọ̀ lè dúró, padà sáyè rẹ̀ ti já. Àwọn ìṣó kéékèèké tó ń di ṣúù náà mú ti jẹ tán.

"Ṣúù kì í ṣe ìṣòro," ó ní. "Àwọn wẹ́wẹ́ yìí ni ìṣòro. Wọn ò ṣe irú wọn mọ́."

A wá a títí. Àwọn tó ń ta sípéà ní Òṣogbo kó èyí tó gùn jù fún wa. Ti Iléṣà rọ̀ bí okùn rọ́bà. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ìjàpá ṣe láyé tá a wà yìí. Níkẹyìn, ẹnì kan sọ fún wa nípa opó kan ní Ìwàrà tí ọkọ rẹ̀ fi irú ọkọ̀ náà sílẹ̀ sẹ́yìnkùlé. A bá a níbẹ̀ lóòótọ́. Adìẹ ń yé sórí àga rẹ̀.

"Ẹ mú ohun tí ẹ bá fẹ́," ìyá náà wí, "ẹ ṣáà má fọ́ ẹyin mi."

Bàbá Alájì na ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú koríko pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó ní "Bísímílà," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó lé ní wákàtí méjì tó fi wà níbẹ̀. Nígbà tó dìde, inú fìlà rẹ̀ ló kó àwọn sìpíríǹgì àti ìṣó náà sí, pẹ̀lú àwọn ìdérí kéékèèké tó máa ń ti ìṣó pa. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó pa ẹyẹ.

Ọjọ́bọ̀ ni. Ó ní ọ̀la ni Jímọ̀, ó di Sátidé kóun tó wá tò ó. "Bí o ò bá wá lè mú sùúrù," ó fi kún un, "ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ni kí o tú. Fi ìkejì sílẹ̀, kí o máa wò ó ṣe é."

Ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an ni ìdúpẹ́ ọdún kan tí bàbá mi kú. Mo ti ṣakọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé ìjàpá ni màá fi gbé Yèyé, ìyá wa, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì láti ọdún gbọ́nhan, ṣé sìpíríǹgì ni yóò dá mi dúró? Lọ́sàn-án Jímọ̀, mo wo fídíò mẹ́ta lórí fóònù, mo sì tú ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Sìpíríǹgì àkọ́kọ́ fò kọjá létí mi, ó lọ gba ògiri. Kò pẹ́ tí n kò fi mọ ti ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì mọ́. Mo fà, mo tì, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìka mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìdérí ìṣó kan ṣoṣo ló kọ̀ tí kò wọlé. Dípò kí n dúró de àgbà, mo gé wáyà, mo fi so ṣúù náà mọ́lẹ̀, mo sì dé dírọ́ọ̀mù lé e. Mo wà á yí àdúgbò ká. Ó dúró nígbà tí mo ní kó dúró.

Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá Alájì gun ọ̀kadà dé pẹ̀lú báàgì irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ta ló tò ó?"

"Ó ti parí, Bàbá."

"Jẹ́ kí n kàn ṣí i wò."

"Mo ní ó ti parí. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé."

Ó wo ìka mi tí mo fi aṣọ wé. Ó ní kò burú. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́bàá títì de ọ̀kadà mìíràn. N kò fi omi lọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wà á dé Iléṣà, mo sì gbé Yèyé; àwọn èèyàn ń juwọ́ sí wa bí ẹni rí bàbá mi láàyè. Lẹ́yìn ìsìn, Yèyé jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, takisí kan yà síwájú wa. Mo tẹ búrèkì. Nǹkan já lẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan há gbagidi, ọkọ̀ fi ìdí yí, ó sì forí sọ kòtò ẹ̀gbẹ́ títì. Yèyé kò pariwo. Ó kàn di apá òsì rẹ̀ mú, ó ń sọ pé, "Apá mi, apá mi."

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà sáré dé. Ìjọ ti yí wa ká.

"Ta ló ṣe búrèkì ọkọ̀ yìí?"

Mo lè sọ òótọ́. Mo tiẹ̀ ti lanu láti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, "Bàbá Alájì ni."

Ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi pè é, tó sì ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo wa máa gbọ́. "Àgbàyà! O fẹ́ pa ìyá wa!" "O" ló ń pe ẹgbẹ́ bàbá wa. Mo retí kí Bàbá Alájì sọ pé òun kọ́. Ohun tó bèèrè ni, "Màmá ńkọ́?"

"Apá wọn ti kán!"

"Ẹ má bínú. Mo ń bọ̀."

Kò tó wákàtí méjì tó fi dé ọsibítù. Ó kí Yèyé, lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo bàtà mi.

Èmi àti òun la jọ lọ síbi tí ọkọ̀ wà. Ó ṣí dírọ́ọ̀mù náà, ó rí wáyà mi tó ti já. Ó wò mí, ó ju wáyà náà sínú kòtò. "Jẹ́ ká wá ẹni tó máa fà á lọ sílé," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Láàárín ìgbà náà, méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi kó ọkọ̀ wọn kúrò lọ́wọ́ Bàbá Alájì. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ wo Yèyé, ó ní, "Bàbá yẹn tún wá wò mí lánàá, ó mú ọsàn wá. Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í rí báyìí. Kí ló ṣe é?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Ó wí pé, "Lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. O ò níí jẹun nínú ulé yìí títí o ó fi sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Alájì. Lójú gbogbo àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ tí mo sì jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, epo wà nílẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, sà?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Kí n dójú tì í níwájú ìyá rẹ̀ tó fara pa?" Ó kọjú sí mi. "Mo rò pé o máa sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Mo ti forí jì ọ́, nítorí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó dùn mí."

Òun fúnra rẹ̀ ló to búrèkì náà; mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo ń wò ó. Ọkọ̀ ń rìn dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n Yèyé kò wọ̀ ọ́ mọ́.

Mo lọ sílé àwọn oníbàárà méjèèjì tó fi í sílẹ̀. Ọ̀kan padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Èkejì gbọ́ mi tán, ó ní ó ṣeun tí mo wá, àmọ́ òun ti rí mẹkáníìkì mìíràn nítòsí ilé òun, òun kò níí pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ní kí n bá òun kí Bàbá Alájì.

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Bàbá Alájì ní, "Ó káre o," ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó ń ṣe lọ.